Ìdajì Ínṣì Abẹ́ Abíyá

Ọwọ́kìíṣì ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ yìí. Ó ti jẹ́ orúkọ náà pẹ́ débi pé bí ẹ bá pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn. Orúkọ náà tọ́ sí i, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ẹni bá fún un láṣọ gé, kí ó lọ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ iṣẹ́ mẹ́rìnlá tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sí ọ̀kan tó mọ búláòsì gé, ìdí tí ọ̀rọ̀ sì fi rí bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ń wá ìtàn obìnrin rere, kó yáa lọ wá a síbòmíràn.

Búláòsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Búláòsì tó ń lẹ̀ mọ́ra, síbẹ̀ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè na ọwọ́ gbé nǹkan lórí àjà. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: lẹ́yìn èjìká, lókè apá, aṣọ a máa rún díẹ̀. Ọwọ́kìíṣì a fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí oníbàárà bá wọ̀ ọ́ níwájú dígí tó sì fi ìka kan ibi tó rún, a ní, "Èjìká yín ló wọ́, mà. Aṣọ ò lè tún ara ṣe." Ogúnlọ́gọ̀ obìnrin ló ti ṣọ́ọ̀bù yẹn jáde tó gbà pé èjìká òun wọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi odidi ọdún kan sùn lórí pákó nítorí kí tirẹ̀ lè nà.

Ọdún méje ni Ọwọ́kìíṣì náà fi kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí ọ̀gá yìí bá ti fa ìlà ọrùn, tó ti fa ti èjìká, tó wá ku kó gé ihò tí apá yóò wọ̀, a gbójú sókè.

"Lọ bá mi pọnmi."

"Omi kún, mà."

"Lọ dà á nù, kí o pọn òmíràn."

Kí ó tó dé, ọ̀gá ti gé e tán. Bí ọmọ náà bá wá dá tirẹ̀ gé, apá á wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abíyá á há, ọwọ́ kò ní lè gòkè kọjá àyà. Nígbà náà ni rúlà onígi á wá bá ìka rẹ̀. "Ṣé adití ni ọ́ ni? Ṣebí mo sọ fún ẹ!" Kò sọ fún un rí. A kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀, ìyẹn ni òwe tí ọ̀gá náà fẹ́ràn jù, kò sì sí ìgbà tó fi gbogbo ẹnu kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Lọ́dún kẹfà, níbi tí ọmọ náà ti ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó rí ẹ̀já aṣọ kan nílẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí èékánná tí wọ́n gé sọnù. Ó gbé e lé orí páátánì, ìwé ìwọ̀n tí ọ̀gá fi ń gé aṣọ, ó sì bá abẹ́ abíyá níwájú mu rẹ́gí. Ìdajì ínṣì péré! Ọ̀gá máa ń gbẹ́ ìdajì ínṣì kúrò ní iwájú, kì í fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ọmọ náà jókòó sórí ìgbálẹ̀, ó sunkún ọdún mẹ́fà ní ìjókòó kan.

Ẹ ó rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á búra pé òun kò ní fi irú ìyà yìí jẹ ọmọ ẹlòmíràn. Rárá o. Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kí èèyàn máa gbá ilẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó rán àpò kan sí iwájú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀já abíyá tó bá gé, inú àpò yẹn ló ń wọ̀, inú iná ló sì ń parí sí. Kì í rán ọmọ iṣẹ́ lọ pọnmi, ayé ti lajú, ẹ̀rọ omi ti wà. Òwú ló ń rán wọn lọ rà.

Ọ̀kan nínú wọn wà tí kò níyàá, tí kì í sọ̀rọ̀, tó kàn máa ń fi ojú gba nǹkan sílẹ̀. Adití ni Ọwọ́kìíṣì sọ ọ́, àwọn oníbàárà náà sì ń bá a pè é. Ọdún mẹ́rin ló fi ra òwú. Lọ́jọ́ kan tí ibà dá ọ̀gá dúbúlẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá gba aṣọ rẹ̀, aṣọ kò tíì dé orí máṣíìnì. Adití gé e, ó rán an, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyàwó gbé ọwọ́ láti dì mọ́ ọkọ rẹ̀ níwájú èrò, aṣọ ya láti abíyá dé ìbàdí.

Ojú àwọn oníbàárà mẹ́ta ni Ọwọ́kìíṣì ti lé e. "Ọdún mẹ́rin! Adití paraku! Má fi orúkọ mi wáṣẹ́ níbikíbi, n kò kọ́ ẹ, o ò rí ìwé ẹ̀rí gbà lọ́wọ́ mi!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

"Ẹni tí kò gbọ́ kò lè mọ̀."

Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò iwájú, láàárín àwọn ẹ̀já aṣọ. Adití di ẹrù rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ó lọ. Ọwọ́kìíṣì jẹun dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Òwú ò wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ìlà ṣọ́ọ̀kì di méjì lójú rẹ̀. Dókítà ojú tan iná sí i lójú ọ̀tún, ó tàn án sí tòsì, ó pa iná. "Ìyá, ojú yìí kì í ṣe èyí tó ń padà. Kí ọdún méjì tó pé, ẹ wá nǹkan míì tí ẹ ó máa ṣe jẹun."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, yàrá kan ni ọmọ náà sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ìbejì. Bí ṣọ́ọ̀bù bá fi lè tì, igun yàrá yẹn ni Ọwọ́kìíṣì ń lọ, kó máa jókòó lórí àga oníke, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún un bí ẹni ń gbé e fún aláìsàn. Òun tí gbogbo àdúgbò ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà! Ó ní ikú yá ju ìyẹn lọ, ó sì dá a lójú.

Ọmọ yìí kórìíra abẹ́rẹ́ láti kékeré. Ilé ìtẹ̀wé ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ìwé. Òun ló gbé ìmọ̀ràn wá.

"Màámi, ẹ máa kọ́ àwọn èèyàn látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu lẹ ó fi máa kọ́ wọn, kì í ṣe ojú."

"Ta ló fẹ́ sanwó gbọ́ ohùn arúgbó?"

"Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Páátánì búláòsì yín yẹn. Màá ṣe ìkànnì fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ páátánì á kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀, fáìlì á sì wọlé sórí fóònù rẹ̀. Tí àdírẹ́sì bá ti pọ̀ lọ́wọ́ wa, a ó kọ̀wé sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé kíláàsì ti ṣí, kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀."

"Èmi? Kí n gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, Màámi."

Ọwọ́kìíṣì fi ọjọ́ méjì rò ó. Lọ́jọ́ kẹta ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á ti mọ̀ pé ẹ̀rín ire kọ́.

Wọ́n jókòó sí tábìlì ìgéṣọ, ìyá ń sọ, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́. Wọn aṣọ báyìí, fa ìlà báyìí. Nígbà tí wọ́n parí ìgbésẹ̀ kẹfà, ìyá dákẹ́, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ìkeje ńkọ́?"

"Gé apá, kí o so ó mọ́ ara aṣọ."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. "Ṣé ó pé, Màámi?"

"Ó pé."

Nínú ara rẹ̀, ó ní ìdajì ínṣì ni òun yóò fi ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú kíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, kó wá sanwó. Ọmọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú fáìlì náà: PÁÁTÁNÌ PÍPÉ, LỌ́FẸ̀Ẹ́. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tò ó.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kọ ímeèlì sílẹ̀. Lóṣù kan, wọ́n di ẹgbẹ̀rin. Lóṣù méjì àbọ̀, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́kìíṣì kì í jí kí ó má pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù: "Mélòó la jẹ́ láàárọ̀ yìí?" Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú ń dun òun mọ́. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi" ló ń pe àwọn tó kọ ímeèlì sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà nígbàkígbà tó bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ fún kíláàsì.

Ìgbà náà làwọn tó ti rán aṣọ tiwọn tán bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ ti fi àyè kan sílẹ̀ lábẹ́ páátánì lórí ìkànnì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè sọ̀rọ̀ kí gbogbo èèyàn sì kà á. Olùkọ́ kan kọ ọ́ pé òun gbé ọwọ́ láti kọ̀wé sójú pátákó níwájú ogójì ọmọ, aṣọ òun ya, wọ́n sì ṣì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ di òní. Òmíràn na ọwọ́ dá bọ́ọ̀sì dúró, bọ́ọ̀sì dúró, ó sì fi àpamọ́wọ́ bo abíyá títí ó fi dé ilé. Ọ̀kan kọ ọ́ báyìí: "Aṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú ni mo gé. Kò sí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ka èyí sí i létí, Ọwọ́kìíṣì rẹ́rìn-ín.

"Màámi, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún, abíyá kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ."

"Ìdajì ínṣì kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ."

Ọmọ náà gbé fóònù sórí tábìlì. "Mo bi yín. Ẹ ní ó pé. Orúkọ mi ló wà ní ìsàlẹ̀ fáìlì yẹn."

"Kí wọ́n wá sí kíláàsì, wọ́n á gbọ́."

"Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí wọn lónìí, Màámi. Ìlà kan péré ni. Ẹ ní ẹ gbàgbé, wọ́n á dárí jì yín."

"Mo bu ọbẹ̀ fún wọn, wọ́n tún fẹ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ mi? Gbé nǹkan yẹn, kí o kọ ohun tí mo bá sọ."

Ohun tó sọ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn. Páátánì mi kò ní àbùkù. Ẹ lọ tún un kà. Mo ti sọ fún yín, ẹ ò gbọ́ ni. A kì í kọ́ adití níṣẹ́."

Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ọmọ tó ti ní ìbejì, tó ń gba owó oṣù, ó yẹ kó lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé rárá. Ṣùgbọ́n rúlà onígi kan náà ni ìyá fi tọ́ ọ dàgbà. Ó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà náà sì lọ bá ẹgbẹ̀ẹ́dógún èèyàn ó lé.

Adití wà nínú wọn. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti kọ ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀, ó gba fáìlì, ó kà á dé ìkẹfà, ó rí ibi tí ìdajì ínṣì yẹ kó wà, kò sì sọ nǹkan kan. Ó ní kí òun wo bí ọ̀gá òun ṣe máa ṣe é. Ìgbà tí lẹ́tà adití yìí dé ọwọ́ rẹ̀ ló jókòó sídìí iṣẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó ti dá gbogbo ẹni tó ráhùn lórí ìkànnì ọ̀gá rẹ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan náà sí gbogbo wọn: "Ẹ kì í ṣe adití. Wọn ò sọ fún yín ni. Ojú ìwé tó kù wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀fẹ́ ni." Ó fi àdírẹ́sì ìkànnì tirẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó sì kọ Adití síbẹ̀ bí orúkọ.

Ṣé ẹ ti rí agbo tí òjò dé bá? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, ẹ yọ tèmi náà, olè, òpùrọ́, arúgbó ìkà. Ọmọ rẹ̀ kò ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n ó ka púpọ̀, mo sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kà á ni.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù, Ọwọ́kìíṣì wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ti gbá ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè rí i pé ọ̀gá tó mọ́ tónítóní ni. Aago mẹ́wàá lù. Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ lójú kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ tí aṣọ rẹ̀ ya lójú ogójì ọmọ ni.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Ọwọ́kìíṣì wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn yòókù."

"Mi ò wá kọ́ nǹkan kan, mà. Mo kàn ní kí n fojú rí yín." Ó wò ó dáadáa, ó sì jáde. Ìyá àti ọmọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí di aago mọ́kànlá.

"Gba ojú ìwé tó kù yẹn fún mi," ni ìyá wí níkẹyìn. "Kí n gbọ́ ohun tí Adití kọ."

Ọmọ náà kọ ímeèlì ìyá rẹ̀ sórí ìkànnì Adití. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé: "Ẹ káàbọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi." Gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà fáìlì ṣí, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ìdajì ínṣì ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú àwòrán. Ọwọ́kìíṣì mi orí. Ó ti retí ìyẹn.

"Ó kù, Màámi. Ó ní, 'Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, ọ̀gá tó kọ́ mi kò mọ̀ ọ́n.'"

"Irọ́ ni."

"'Nígbà tí wọ́n lé mi, mo lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dúbúlẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó yọjú sí i. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, ọdún kan àbọ̀. Kó tó kú ló kọ́ mi tán. Nígbà tí mo sọ ẹni tó kọ́ mi tẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Ìyẹn? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lajú, ni mo bá ju ẹ̀já abíyá sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó rí i, kó má baà wá àṣírí kejì mọ́.'"

Ọmọ náà dúró. Ìyá rẹ̀ kò wò ó.

"Kí ni èkejì?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"'Ẹ má ṣe jẹ́ kí àmì orí apá bá ìlà èjìká pàdé. Ẹ sún un síwájú ní ìwọ̀n ìka kan, nítorí iwájú ni ọwọ́ ọmọ èèyàn ń fì sí. Bí ẹ kò bá sún un, ẹ̀yìn èjìká á máa rún.'"

Ọwọ́kìíṣì dìde. Ó fa aṣọ funfun kan yọ, ó gbé e lé tábìlì, ó gé e, ọwọ́ ló fi ń wá ìlà rẹ̀ ju ojú lọ. Ọmọ rẹ̀ ló bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ó sún apá síwájú ní ìka kan, ó rán an, ó sì gbé e wọ ère onígi tí kò lórí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn èjìká. Ó fi ọwọ́ pa á lọ, ó pa á bọ̀. Kò rún. Ojú tó ń dùn ún kò lè rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì, ọwọ́ sì sọ fún un pé ó jọ̀lọ̀, pé kò sí obìnrin kankan tí èjìká rẹ̀ wọ́ rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ó rọra jókòó. Ó ń sunkún, kò sì pa á mọ́. Ọmọ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó ń yọ wáyà kọ̀ǹpútà, ó ń ká a.

"Màá ní kí bàbá àwọn ìbejì wá gbé àwọn máṣíìnì lọ́la," ni ọmọ náà wí. "Igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ ó máa jókòó sí. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Ìyá tẹ̀ ba síwájú, ó ń fi ọwọ́ tálẹ̀ lábẹ́ tábìlì títí ó fi kan ẹ̀já aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kúrò lábẹ́ abíyá. Ó gbá a mú, ó sì sáré kì í bọ àpò iwájú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. "Màámi," ó ní, "ta lẹ wá ń fi í pamọ́ fún?"